Oko Baba Ẹlòmíràn: Ọdún Kan Nílẹ̀ Òkèèrè àti Ọ̀dọ́ Mainland Èkó

 Ẹni tó bá ti Sùúrùlérè wá sí Yábàá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó gba Ojúẹlẹ́gba kọjá, ó ti rin àjò kan kó tó dé orí àga.  Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń rí sọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún kan. Mo bi wọ́n pé, "Àwọn ọ̀dọ́ wo?" Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Èmi náà ti ṣe ọ̀dọ́ rí, ẹ má wo ewú.

Kí là ń pè ní ọdún àjò?

Òyìnbó ń pè é ní gap year. Nílùú tiwọn, ọmọ tó bá jáde ní sẹ́kọ́ńdírì lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ sinmi ìwé fún ọdún kan, kí òun lọ wo bí ayé ṣe rí kí òun tó wọ yunifásítì. Bí ọmọ Múṣin bá gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn síwájú bàbá tirẹ̀, ẹ̀yin náà mọ èsì tí yóò gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn ọmọ wa ń ní ọdún àlàfo tiwọn, kò kàn sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè kó tó dé ni. Ìdánwò àtiwọ yunifásítì, JAMB, lè dá ọmọ dúró fún ọdún kan, fún ọdún méjì. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gba oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, ó tún gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ẹni tó ṣe tán ní yunifásítì ṣì ń dúró de ìwé àgùnbánirọ̀. Ọdún yẹn ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì, ìdí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àti orí fóònù la ń ná an sí.

Ọdún àjò ni màá máa pè é láti ìsinsìnyí lọ, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ jápa. Ẹni tó jápa, sísá ló sá, kò dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó lọ ọdún àjò mọ ọjọ́ tí yóò wálé, ará ilé rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. Irú àjò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ káàkiri ìlú onílùú, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajẹgbèsè títí owó yóò fi jáde. Ní Èjìgbò, mo ń sọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun o, kì í ṣe Èjìgbò tó wà lẹ́yìn Ìsọlọ̀, àtìgbà àwọn bàbá wọn ni ọ̀dọ́ ti ń wọ mọ́tò lọ sí Abidjan lọ ṣòwò. Ẹ lè bá ìyá aláta pàdé níbẹ̀ tó ń sọ Faransé ju ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ nínú ìwé lọ.

Àwọn tó lọ ṣáájú wa

Ẹ bọ́ síta, ẹ wo orúkọ tí títì ńlá Yábàá ń jẹ́: Herbert Macaulay. Ní 1890 ni wọ́n rán an lọ sí England lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì padà sí Èkó ní 1893. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ rin irú ìrìn yìí nínú ẹbí rẹ̀. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther. Lọ́dún 1822 ni ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Ní 1826, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì kọjá nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n mú un lọ sí London, ó lọ sí ilé ìwé ìjọ ní Islington fún oṣù díẹ̀, ó sì padà sí Sierra Leone ní 1827 láti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ní 1843, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde. Mi ò ní Islington ló kọ́ ọ ní ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó lọ gbé láàárín àwọn tó ń fi èdè wọn kọ̀wé, èdè ìyá tirẹ̀ ló padà wá kọ sílẹ̀.

Ẹ wá tẹ̀lé mi dé Ìdí-Òrò. Fela, gbajúmọ̀ olórin, lọ sí London ní 1958, ó lo ọdún bíi mélòó kan níbẹ̀, ó kọ́ orin ní Trinity College of Music. Ní 1969, ó kó ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Koola Lobitos, lọ sí Amẹ́ríkà, kò sì lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lọ. London fún un ní ìmọ̀ orin. Amẹ́ríkà ló yí ọkàn rẹ̀ padà. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ní Los Angeles ó bá obìnrin kan pàdé, Sandra Smith, tí ayé mọ̀ sí Sandra Izsadore lẹ́yìn náà. Obìnrin yìí mú un wọ ilé àwọn òbí rẹ̀, ó fún un ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X kà, ó sì ń bi í ní ìbéèrè nípa Áfíríkà, ìbéèrè tí ọmọ Áfíríkà fúnra rẹ̀ kò rí dáhùn. Ó padà dé ní 1970. Nígbà tó yá, ojúbọ orin rẹ̀ wà ní Empire Hotel ní Ìdí-Òrò, ilé rẹ̀ tó pè ní Kàlàkúta sì wà ní Agége Motor Road. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ o, ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀ o, ẹ gbà pẹ̀lú mi pé oṣù mẹ́wàá nínú ilé ẹlòmíràn ṣe ohun tí ọdún pípẹ́ nínú kíláàsì kò ṣe.

Ọdún tèmi

Ní ìparí ọdún 1982, èmi náà gbé báàgì kan jáde nílé wa ní Múṣin. Ọdún kẹta ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì tó wà ní Akọ́kà. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń kọ́ Faransé ní yunifásítì wa ní láti lọ gbé níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn kan bọ́ sí ilẹ̀ Faransé, àwọn kan bọ́ sí Dakar. Tèmi bọ́ sí Lomé, olú ìlú Tógò, ní Village du Bénin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilẹ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì wá. Náírà kan lágbára ju dọ́là kan lọ nígbà náà. Ìyá mi di owó mọ́ etí aṣọ fún mi, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o lówó o, má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ò ní."

Ní oṣù àkọ́kọ́, ará mi, mi ò gbé Lomé rárá. Múṣin tó ní etíkun ni mo gbé. Àwa ọmọ Nàìjíríà ń sùn pọ̀, à ń dáná pọ̀, à ń fi àkàsà wọn ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé ẹ̀kọ tí wọ́n ń pọ́n nílé wa kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọdún yí ni mo kó lọ sí ilé ìyá kan ní Kodjoviakopé, àdúgbò tó fara ti ẹnubodè Gánà. Aṣọ ni ìyá náà ń tà ní ọjà ńlá Lomé. Kò sí lára àwọn Nana Benz, àwọn obìnrin tí òwò ankara ra Mercedes fún. Ọwọ́ wọn ló ti ń gba ọjà, ìsọ̀ tirẹ̀ kò sì ju ẹnu ilẹ̀kùn lọ. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí mi kí n bá a di ẹrù. Bí mo bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, kì í dáhùn. Bí mo bá sọ Faransé tí mo gbé ti Akọ́kà wá, á rẹ́rìn-ín, á ní mò ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kí mi káàbọ̀ ní èdè Ewe, tí mo sì dá a lóhùn bó ṣe yẹ, ẹja méjì ló wà nínú ọbẹ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnu ìyá yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé Ànàgó ni mí. Nílé, mo ti jẹ́ ọmọ Múṣin, mo ti jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, mo ti jẹ́ ọmọ Lágbájá. Mi ò jẹ́ Ànàgó rí. Orúkọ tí èèyàn ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, ìlú wọn ló ti lè gbọ́ ọ.

Oṣù Kìíní yẹn kò tíì parí nígbà tí ọ̀ràn dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹnubodè Gánà ti wà ní títì, Tógò náà ti tirẹ̀, ni èrò bá há sí ilẹ̀ Benin. Nígbà tí Gánà ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ 29, iwájú ilé wa ni ọ̀nà wọn.

Ìyá náà ní kí n gbé garawa omi méjì síta, kí n fi ife lé e. Ọkọ̀ akẹ́rù ń tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Mátírẹ́ẹ̀sì, fáànù, ẹ̀rọ ìránṣọ, báàgì alápótí-alápótí tí àwa ará Èkó fi "Ghana Must Go" pè títí dòní. Ọkọ̀ kan dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó bu omi, ó mu ún tán, ó bu òmíràn. Bó ti ń mu èkejì ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Ó fi Yorùbá sọ ọ́, ó ní, "Bàtà yìí, Ìdí-Òrò ni wọ́n ti rán an." Òótọ́ ni. Ó ní ọdún mẹ́fà lòun fi rán bàtà níbẹ̀, pé oníbàárà mẹ́ta ṣì jẹ òun lówó, òun ò sì ráyè sìn ín. Yorùbá rẹ̀ já gaara. Mo fẹ́ sọ nǹkan, mi ò rí i sọ. Ó fi ọwọ́ nu ife, ó gbé e lé garawa, ó ní, "Ẹ bá mi kí Múṣin o." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí àbúrò ìyá mi, tó ti Kumasi dé ní ìparí 1969, nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà, tí Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ọmọdé ni mí. Àpótí pákó kan àti ẹkún ni mo rántí. Yàrá wa ló sùn sí fún oṣù gbọọrọ. Gbogbo àgbà ilé bú Gánà títí ẹnu fi bó wọn, mo sì dàgbà pẹ̀lú èébú yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ṣe fún wa, àwa náà lè ṣe é fún ẹlòmíràn. Lomé ló sọ fún mi.

Àgbà ní, bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Ohun tí mo bá wá síbí lónìí ni ẹ̀yìn rẹ̀: ẹni tó bá dúró pẹ́ lóko baba ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni yóò ti rí èpò tó wà nínú ti baba tirẹ̀. Ọdún àjò tí kò bá mú ọmọ rí ilé rẹ̀, ìgbafẹ́ ni.

Bí ọ̀nà ṣe dí

Àwọn tó tẹ̀lé wa kò rí irú àjò bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà wó, owó ọdún kan ní Lomé sì ga ju apá òbí lọ. Ní 1991, wọ́n dá abúlé èdè Faransé, Nigerian French Language Village, sílẹ̀ ní Àjàrá, l'Ágbádárìgì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ọdún àjò rẹ̀ láì kọjá ẹnubodè. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ Faransé tí ẹ rí ní Mainland ló gba ibẹ̀ kọjá. Àléébù ibẹ̀ kò ṣẹ̀yìn wọn: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde kúrò lọ́gbà, Ègùn àti Yorùbá ni yóò fi ra ẹ̀bà. Kò sí ìyá tí yóò sọ fún un pé ó ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní sọ

Kí n tó wá síbí, mo fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀dọ́ kan lẹ́nu wò. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Èkíní, ọmọbìnrin Sùúrùlérè. Ètò Fulbright kan wà tí wọ́n ń pè ní FLTA, tó ń mú ọ̀dọ́ olùkọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà lọ fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Yorùbá wà nínú àwọn èdè náà, ètò yìí ló sì gbé ọmọbìnrin náà lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ fi ń kí ẹni tó jókòó? Ṣé iṣẹ́ ni ìjókòó ni?" Kò rí èsì fọ̀. Ó ní nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òun lọ, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá. Ní Amẹ́ríkà, owó ni wọ́n ń san fún òun torí pé òun gbọ́ ọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé gírámà Yorùbá kà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òfin ètò náà sì ni pé ẹni tó bá ṣe é parí yóò wálé, yóò lo ọdún méjì nílé kó tó lè padà lọ fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ó wálé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò rẹ̀ ní Yorùbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Èkejì, ọmọkùnrin Múṣin. Ìyanṣẹ́lódì 2022 ló lé e dé Kútọ̀nu ní ilẹ̀ Benin, sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò àbúrò bàbá rẹ̀. Oṣù méje ló lò. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó ní Fọ̀n kó tó gbọ́ ti Faransé, torí pé owó kì í dúró de gírámà. Ó ní bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní "bonne arrivée". Bó bá jókòó, wọ́n á ní "bonne assise". Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, wọ́n á ní "du courage". Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wa náà ni, Faransé ni wọ́n fi ṣe aṣọ fún un." Ọmọ yìí kò tíì gbọ́ nípa ọmọbìnrin Sùúrùlérè rí, ṣùgbọ́n ó ti dáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà yẹn: kì í ṣe Yorùbá nìkan ló gbà pé èèyàn kò gbọdọ̀ wà níbì kan kí wọ́n má kí i.

Ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin Yábàá tó lọ ṣe másítà ní London. Ọdún kan náà ni másítà wọn. Ó gbé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Peckham. Ọ̀sán kíláàsì, òru iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ọjọ́ Ìsinmi ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá, Rye Lane ló ti ń ra ẹ̀wà olóyin àti pọ̀nmọ́. Ó ní, "London ni mo wà, Yábàá ni mo gbé." Ẹ má bú u. Owó ilé ìwé tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan tí mo mú dání. Ó ní ẹni kan ṣoṣo tó kọ́ òun ní nǹkan nílẹ̀ náà ni ìyá arúgbó ará Jàmáíkà kan tí òun ń tọ́jú lóru. Ìyá náà ń sọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn yàrá àyágbé mọ́ òun lójú nígbà tó dé ní àwọn ọdún 1950. Ọmọbìnrin yìí wá rántí pé nílé bàbá òun ní Yábàá, wọn kì í fún àwọn ẹ̀yà kan ní yàrá gbé. Ẹ rí i bí èpò ṣe ń yọ.

Ọdún tí kò jẹ́ ọdún àjò

Mo ní láti kìlọ̀ nípa ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni ìrìn nítorí ìwé-ẹ̀rí nìkan. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fi han ayé pé òun gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì ní Kútọ̀nu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi gbá ọlọ́gbọ́n àti oníjìbìtì. Ọmọ tó jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún ọdún mẹ́ta níbẹ̀ ń ṣàlàyé ara rẹ̀ dòní.

Èkejì burú jù. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé iṣẹ́ wà ní Bàmákò tàbí Abidjan fún ọmọbìnrin yín, pé òun yóò san owó ọkọ̀, pé kó má mú fóònù dání, oníṣòwò èèyàn ni. Àjọ NAPTIP wà láti 2003 nítorí irú wọn. Ẹ lọ bá wọn. Àjò tí ẹlòmíràn mọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀, tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ẹrú ni ọ̀nà rẹ̀.

Àbá

Mo fẹ́ kí a jáde níbí pẹ̀lú ohun tí a lè ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ronú ìtòsí kí ẹ tó ronú òkè òkun. Láti Ojúẹlẹ́gba, mọ́tò á gbé yín dé Mile 2. Láti Mile 2, òmíràn á gbé yín dé Sẹ̀mẹ̀. Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo wà lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá nínú ọjà rẹ̀. Kétu wà ní ilẹ̀ Benin náà, Sábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín lẹ mọ orúkọ gbogbo ibùdó rélùwéè London láti ara fíìmù, ẹ kò sì mọ ibi tí Kétu yìí wà.

Ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ kan. Ní Àjàṣẹ́ yìí ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dominican tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tó sì ti ṣe olùkọ́ yunifásítì ní California, dá ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhaï sílẹ̀ ní 1985, lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ìjọba Benin fún un. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná níbẹ̀, omi adágún ẹja ń di ajílẹ̀. Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Múṣin tó bá fi ọdún kan mọ èyí, yóò mọ Faransé díẹ̀, yóò mọ Ègùn díẹ̀, yóò sì mọ bí wọ́n ṣe ń mówó jáde nínú ilẹ̀.

Ẹ gbé ilé onílé. Ẹ má kó jọ sínú yàrá kan ní ẹni mẹ́fà láti Nàìjíríà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó mọ́tò yín ṣòfò.

Ẹ tún ìwé yín ṣe. Èkó níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1975. Àdéhùn ìrìn fàlàlà ti 1979 gbà yín láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí físà. Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gba ìwé ìgbélùú. Ẹ mú pásípọ̀ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání. Ọkùnrin tó ń rán bàtà ní Ìdí-Òrò ti fi tirẹ̀ kọ́ wa pé ìwé tí èèyàn kò ní lónìí lè di ọkọ̀ akẹ́rù lọ́la.

Ẹ̀yin òbí, bí ìyanṣẹ́lódì mìíràn bá dé, ẹ má jẹ́ kó bá ọmọ yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í pé ibo ló fẹ́ lọ, ta ló máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ wo ló fẹ́ kọ́, ọjọ́ wo ni yóò dé. Bó bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn, ẹ bá a wá owó ọkọ̀. Nígbà tó bá sì dé, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí, kódà bó bá kan ilé yín.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yìí, a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwa nìkan là ń lọ, tí wọn kì í wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ti wá sí Ìbàdàn wá kọ́ Yorùbá, a sì ya fọ́tò pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ mìíràn wà tó ń lo ọdún àjò tirẹ̀ ní Sùúrùlérè àti Yábàá lónìí. Ó ti Benin wá, ó ti Tógò wá. Ó ń fọ abọ́ nínú kíṣíìnì wa, ó ń gbé ọmọ wa lọ sílé ìwé, ó ń sùn sí pálọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá ti sùn. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ ìlú rẹ̀? Mélòó ló ti bi í pé kí ni wọ́n ń pe omi ní èdè rẹ̀? Mélòó ló mọ ọjọ́ tí yóò padà sílé?

Bí ẹ bá dé ilé lálẹ́ yìí, ẹ kí i. Ẹ bi í ní èdè rẹ̀, ẹ san owó rẹ̀ pé, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹun. Òun náà ní ilé tí yóò ti ròyìn wa.